Rọ́ọ̀gì tí òjò ò lè bà jẹ́: bí a ṣe ń fi ọ̀dà ya rọ́ọ̀gì sílẹ̀ fàráńdà

Ilé tó pọ̀ jù lọ láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣágámù, sìmẹ́ńtì lásán ló wà nílẹ̀ fàráńdà wọn. Ibẹ̀ la ti ń gba àlejò, ibẹ̀ la ti ń gbatẹ́gùn nígbà tí kò bá sí iná, ibẹ̀ náà làwọn àgbà ń jókòó sí lọ́jọ́ ìpàdé ẹbí. Bí èèyàn bá tẹ́ rọ́ọ̀gì gidi síbẹ̀, òjò á fẹ́ bá a, á mu omi, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, ewúrẹ́ aládùúgbò á sì sọ ọ́ di ibùsùn. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ rọ́ọ̀gì tí a fi ọ̀dà yà. Kò ṣeé ká, kò ṣeé jí, omi àti ìgbálẹ̀ sì tó o láti fi tọ́jú.

Iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni pé àwọn èèyàn máa ń kánjú dé ibi àrà, wọn a sì fi ibi ilẹ̀ fífọ̀ àti ọ̀dà yíyàn ṣeré. Ọ̀pọ̀ rọ́ọ̀gì ọ̀dà tó ṣí kí ọdún tó yí po, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó yà á ni kò dára, ilẹ̀ tó yà á sí ni kò múra tán. Nítorí náà, n ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ

Bí Ojúde Ọba, ọdún ńlá àwa Ìjẹ̀bú, bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń rántí pé ilé fẹ́ àtúnṣe. Ó yé mi: regbéregbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, ń bọ̀ wálé, àlejò máa ń kún ilé, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n bá ilẹ̀ òun ní ìdọ̀tí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, òṣùpá la sì fi ń ka Iléyá, èyí tó mú kí ó máa yára dé ní nǹkan bí ọjọ́ 11 lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ló bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Ojú òjò gan-an nìyẹn. Sìmẹ́ńtì tó ti mu omi yó kò ní gba ọ̀dà, bó ti wù kí ẹ kùn ún tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí rọ́ọ̀gì òun wà nílẹ̀ de àwọn àlejò, oṣù kejìlá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni kó ti ṣe é.

Eruku ọyẹ́ nìkan ni wàhálà ìgbà yẹn. Kẹ́ ẹ tó ṣí ike ọ̀dà, ẹ wọ́n omi sí àgbàlá, kì í ṣe sí fàráńdà o, kí eruku lè jókòó sílẹ̀. Ẹ dúró kí ìrì gbẹ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn ọ̀sán bá ń ta sí fàráńdà yín tààrà, ẹ sinmi, torí ọ̀dà tó bá bọ́ sórí sìmẹ́ńtì gbígbóná á gbẹ lójú kó tó wọlé sí i lára. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, ẹ má kun nǹkan mìíràn mọ́, kí ìrì òru má bàa bá a ní tútù.

Bó bá jẹ́ ilẹ̀ tuntun ni, ẹ fún un ní ọjọ́ 28, ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà kàn án.

Ẹ yẹ ilẹ̀ wò

Ẹ bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ta á sílẹ̀ ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ wò ó. Bí ilẹ̀ bá fà á mu kíá, tí ojú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ilẹ̀ yẹn á gba ọ̀dà. Bí omi bá dúró ní róbótó róbótó, tí ẹ lè fi ìka tì í kiri, nǹkan kan ti dí ojú sìmẹ́ńtì náà: ó lè jẹ́ òróró, ọ̀dà àtijọ́, tàbí kí bíríkìlà ti fi ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì dán an jù nígbà tó ń rẹ́ ẹ. Ibi tí omi bá ti dúró bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ha jù.

Àyẹ̀wò kejì jẹ́ ti omi tó ń ti abẹ́ bọ̀. Ẹ gé ọ̀rá tí kò lu, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ẹsẹ̀ bàtà 1½, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yíká kí atẹ́gùn má ráyè wọlé, ó di ọjọ́ kejì. Tí ẹ bá ṣí i tí inú rẹ̀ là oógùn, tàbí tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, omi ń gòkè wá látinú ilẹ̀ nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́ tí wọn ò tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ilẹ̀ wọn. Ẹ má tíì ra ọ̀dà. Ẹ wo ibi tí omi òrùlé ń kán sí, ẹ wo bóyá gọ́tà dí tàbí bóyá ilẹ̀ àgbàlá ga ju fàráńdà lọ. Tí wọn ò bá tún ibẹ̀ ṣe, owó lẹ ń dà nù.

Fífọ̀ àti híha

Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn òjò, ọṣẹ kì í pa á. Ẹ po blíìṣì ìfọṣọ ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́ta, ẹ dà á sí i, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, kẹ́ ẹ sì ṣàn án dáadáa. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń jókòó sí, omi gbígbóná àti ọṣẹ oníyẹ̀fun ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́ títí tí omi kò fi ní dúró ní róbótó mọ́.

Àwọn tó ń tẹ́ táìlì á sọ fún yín pé ásíìdì ló dára jù. Òótọ́ ni pé ásíìdì máa ń la ojú sìmẹ́ńtì, àmọ́ fún fàráńdà kékeré, mi ò rí ohun tó ń léni bá ewu. Sáńdípépà nọ́ńbà 60 tàbí 80 tí a wé mọ́ igi pẹlẹbẹ máa ṣe iṣẹ́ yẹn ní ọ̀sán kan. Ẹ ha á títí tí ọwọ́ yín á fi gbọ́ pé ó rí háráhárá. Bó bá jẹ́ ásíìdì náà lẹ fẹ́ lò ṣá, omi ló ń kọ́kọ́ wọnú ike, ká tó rọra da ásíìdì sínú omi. Ẹ má ṣe yí i padà, torí á ta sí yín lójú. Ẹ má sì lò ó nílẹ̀ tí blíìṣì ṣì wà, èéfín tó máa jáde á fún èèyàn lọ́nà ọ̀fun.

Ibi tó sán, ẹ fi ẹnu ṣísẹ́lì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ fọn eruku inú rẹ̀, ẹ fi sìmẹ́ńtì àti iyanrìn kíkúnná dí i. Lẹ́yìn ìyẹn, kí gbogbo ilẹ̀ gba oòrùn fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán.

Ọ̀dà wo?

Ibí ni owó ti ń sọnù jù. Tí ẹ bá dé ìsọ̀ ọ̀dà tí ẹ ní ilẹ̀ lẹ fẹ́ kùn, gúlọ́ọ̀sì olóróró ni ọ̀pọ̀ máa nawọ́ sí, torí pé ó ń dán, ó sì le lójú. Lára irin àti ìlẹ̀kùn, ó dára. Lórí sìmẹ́ńtì ìta, kì í pẹ́. Oró tó wà nínú sìmẹ́ńtì, pàápàá bí ọ̀rinrin bá ń bá a gòkè, máa ń jẹ òróró inú ọ̀dà náà bí omi eérú ṣe ń sọ epo di ọṣẹ dúdú. Abẹ́ ọ̀dà á di ọṣẹ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní páńpáńdì páńpáńdì.

Ẹ́mọ́ṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú náà ò yẹ. Ti inú ilé ni, ẹfun ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ẹ kùn ún sí pákó kékeré, kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi ìka tútù ra á. Bó bá fi àwọ̀ sí yín níka, ẹ dá a padà sí ìsọ̀.

Èyí tí ẹ fẹ́ ni ọ̀dà olómi tí wọ́n kọ acrylic sára rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ pé ti ìta tàbí ti ilẹ̀ ni. Kò bá oró sìmẹ́ńtì jà. Ẹ béèrè ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó bá a mu pẹ̀lú, èyí tí àwọn akunlé ń pè ní práímà. Ẹpọ́sì alápòpọ̀ méjì ló le jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń sọ ojú rẹ̀ di ẹfun, ó sì wọ́n.

Rọ́ọ̀gì ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 5 ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 3.7. Lórí sìmẹ́ńtì tí a ha, lítà kan á kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 8, nítorí náà lítà kan tó fún àwọ̀ ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àwọ̀ yòókù kò ní jẹ ju ìdajì lítà lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù 4 lítà nìkan ni wọ́n ń tà, ẹ ra funfun kan, kẹ́ ẹ ra ìgò àwọ̀ kéékèèké, kẹ́ ẹ po ó fúnra yín. Èyí tí ẹ bá pò, ẹ pò ó kó tó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọ̀ tí a tún pò kì í bá ti àkọ́kọ́ mu.

Àrà tí a máa dá sí i

Ẹni bá fẹ́ lè ya òdòdó bíi ti rọ́ọ̀gì Tọ́kì, ṣùgbọ́n òdòdó le, igun mẹ́rin kò le. Àdìrẹ náà lẹ́wà, àwọn Ẹ̀gbá kò sì ní gbowó lọ́wọ́ wa. Síbẹ̀, kí la fẹ́ rìn jìnnà fún, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ olónà wà nílé? Àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ló ń hun ún lórí òfì tó dúró lóòró, àwọn olóyè àti Òṣùgbó, ẹgbẹ́ àwọn àgbà ìlú, ló ń lò ó. Ọ̀nì, ejò, ẹja àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń hun sí i, àwọn ará odò ní ìhà Kàlàbàrì sì ti ń rà á láti ìgbà láéláé. Ọ̀pọ̀ ọnà rẹ̀ ló ní ìlà gbọọrọ, igun mẹ́ta àti igun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó, èyí tí tépù àti rúlà lè yà.

Ohun kan ni o: ẹ má ya ìtàgbé sílẹ̀. Aṣọ oyè ni, èjìká ni ààyè rẹ̀. Bí bàbá kan nínú Òṣùgbó bá wá kí yín, tó wá bá a níbi tí àwọn ọmọ ń fi bàtà tẹ̀, inú rẹ̀ kò ní dùn, èmi náà ò sì ní dá a lẹ́bi. Ìlà àti igun la mú, a fi àmì oyè sílẹ̀.

Àwọ̀ mẹ́ta tó: àwọ̀ mílíìkì fún ìsàlẹ̀, búlúù aró, àti pupa bíi ti iyẹ̀pẹ̀ ilẹ̀ wa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú pupa yẹn. Erùpẹ̀ pupa ló ń bá bàtà wọlé ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, funfun báláú kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi gbígbá.

Wíwọ̀n

Ẹ má gbára lé ògiri. Fàráńdà tó gún régé ṣọ̀wọ́n. Ẹnu ọ̀nà ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìtọ́ka, torí ibẹ̀ ni ojú àlejò ti máa kọ́kọ́ rí i. Kí ẹ̀gbẹ́ gígùn rọ́ọ̀gì dúró déédéé mọ́ ọn, kí àlàfo tí kò dọ́gba bọ́ sí ẹ̀yìn.

Fún igun, ọgbọ́n àwọn bíríkìlà la ó lò. Láti igun kan, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ sí apá kan, kẹ́ ẹ wọn 4 lọ sí apá kejì. Bí àárín ojú àmì méjèèjì bá jẹ́ 5 gẹ́lẹ́, igun yẹn gún. Tí gbogbo igun bá pé, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú: ọ̀nà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9 àti íǹṣì 5 lé díẹ̀. Ẹ fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì pa okùn, kí ẹni méjì dì í mú le, kẹ́ ẹ fà á sókè láàárín kẹ́ ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìlà á hàn nílẹ̀ tààrà.

Ẹ lẹ tépù yí i ká lẹ́yìn ìlà. Tépù bébà àwọn akunlé ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe sẹ́lótéèpù tó ń dán. Ẹ kun práímà, kó gbẹ. Ẹ wá fi rólà kun àwọ̀ mílíìkì lẹ́ẹ̀mejì, kó fẹ́lẹ́, kí wákàtí 4 wà láàárín wọn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá tutù. Ọ̀dà tó nípọn kì í le ju èyí tó fẹ́lẹ́ lọ, á kàn máa rọ̀ nínú ni. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ní ọjọ́ kejì, ẹ pín in báyìí láti ìta wọ inú. Íǹṣì 3 yíká fún etí búlúù. Íǹṣì 1 tí a máa fi sílẹ̀ ní àwọ̀ mílíìkì. Íǹṣì 4 fún ìlà igun mẹ́ta. Àárín tó kù á jẹ́ íǹṣì 80 sí 44. Mo yan ìwọ̀n wọ̀nyí torí pé wọ́n pín láìkù: tí ẹ bá fi igun mẹ́rin kékeré oníǹṣì 4 sí kọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìlà yẹn, igun mẹ́ta 20 á wọ ẹ̀gbẹ́ gígùn kọ̀ọ̀kan, 11 á sì wọ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú. Ẹ pín àárín sí àpótí 8, mẹ́rin mẹ́rin lọ́nà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 20 sí 22. Ẹ sàmì sí ìdajì ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ìlà so àwọn àmì náà pọ̀, igun mẹ́rin tó dúró lórí ṣóńṣó á jáde.

Tépù ni gbogbo ẹwà iṣẹ́ náà

Ilẹ̀ tí a ha kò tẹ́jú, ọ̀dà á fẹ́ yọ́ gba abẹ́ tépù. Ẹ fi ṣíbí tẹ etí tépù mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ tó mú búlúù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun àwọ̀ mílíìkì tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí tépù, níbi tí búlúù fẹ́ dé. Bó bá fẹ́ yọ́ wọlé, àwọ̀ ilẹ̀ ló máa yọ́ wọlé, kò ní hàn, ojú ihò á sì ti dí. Nígbà tó bá gbẹ, ẹ wá kun búlúù lé e.

Ẹ má dúró kí búlúù gbẹ pátápátá kẹ́ ẹ tó yọ tépù. Ẹ fi ìka kàn án: bó bá ń lẹ̀ díẹ̀ tí kò sì bá ìka jáde, àsìkò tó. Ẹ mú etí tépù, ẹ ká a padà sórí ara rẹ̀, ẹ rọra fà á ní ìdábùú, díẹ̀ díẹ̀. Á dún ṣìì, ìlà á sì yọ mímọ́ gaara. Bí ẹ bá fà á sókè gbọ̀ọ́, á ká ọ̀dà dání. Tépù tó bá sùn sí oòrùn yóò fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ṣóńṣó àwọn igun mẹ́rin àárín kan ara wọn, nítorí náà ẹ ò lè lẹ tépù sí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi búlúù kun mẹ́rin tí kò kan ara wọn, kó gbẹ, kẹ́ ẹ kun mẹ́rin yòókù. Pupa á lọ sínú ìlà igun mẹ́ta, àti igun mẹ́rin kékeré láàárín búlúù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má fi tépù pa igun mẹ́ta kéékèèké yẹn, yóò sú yín. Ẹ gbé fíìmù éksìréè àtijọ́, ẹ gé igun mẹ́ta mẹ́rin tàbí márùn-ún sí i lára ní ìlà kan, ẹ tẹ́ ẹ, ẹ fi fóòmù tí ọ̀dà rẹ̀ kéré tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́. Fóòmù tó rin ṣìn-ìn ló ń bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sí ìwé ìròyìn.

Bí ẹ bá fẹ́ kí àlejò bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kàn án kó tó gbà, ẹ ya òwú etí sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú méjèèjì: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn ní íǹṣì 3, pẹ̀lú ọwọ́ lásán, láìlo rúlà. Kí àwọn kan tẹ̀ díẹ̀, kí méjì gun ara wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ bomi púpọ̀ sí dúdú, ẹ fà á tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀bá ẹ̀gbẹ́ gígùn kan àti kúkúrú kan, lódìkejì ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Òjìji nìyẹn, òun ló ń mú kó dà bíi pé rọ́ọ̀gì náà ga sókè kúrò nílẹ̀.

Ìbòrí

Ẹ fún ọ̀dà ní ọjọ́ kan gbáko, kẹ́ ẹ tó fi fáníìṣì olómi aláìláwọ̀ tí wọ́n ṣe fún ìta bò ó lẹ́ẹ̀mejì, tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta bí èrò bá pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín. Fáníìṣì tí àwọn káfíńtà fi ń dán àga kò yẹ níbí, oòrùn á sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, á sì fọ́. Ẹ kàn án fẹ́lẹ́.

Ilẹ̀ tó ń dán máa ń yọ̀ bí òjò bá fẹ́ sí i, ìyá àgbà sì wà nílé. Ẹ fi asẹ́ ògì sẹ́ iyanrìn odò tí a ti fọ̀ tó sì gbẹ, ẹ wọ́n ọn fírífírí sórí ìbòrí àkọ́kọ́ nígbà tó ṣì tutù. Kó gbẹ, kẹ́ ẹ gbá èyí tí kò lẹ̀ kúrò, kẹ́ ẹ fi ìkejì bò ó.

Lẹ́yìn ọjọ́ kan, ẹ lè fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí rẹ̀. Kí àga máa dúró de ọjọ́ 7. Títí oṣù kan á fi pé, ẹ má da omi ọṣẹ sí i, ẹ má sì wọ́ nǹkan lórí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pákó ni

Àwọn ilé tuntun kan ti ń fi pákó ṣe ilẹ̀ ìta. Ohun kan náà la ń ṣe, àyàfi pé ẹ máa fi sáńdípépà 80, lẹ́yìn náà 120, ha á gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà igi ṣe lọ, práímà tí wọ́n ṣe fún igi sì lẹ máa lò. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré ni kẹ́ ẹ fi kun ẹ̀gbẹ́ àlàfo tó wà láàárín pákó, kí rọ́ọ̀gì má bàa gé síbẹ̀. Pákó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹ má kùn ún rárá. Á sún kì, á sì fa ọ̀dà ya.

Ìtọ́jú

Ẹ máa gbá a, ẹ máa fi aṣọ tútù nù ún. Ẹ lẹ fóòmù tàbí rọ́bà sídìí ẹsẹ̀ àga, torí ẹsẹ̀ àga onírin ló ń pa á lára ju ẹsẹ̀ èèyàn lọ. Ní òpin òjò lọ́dọọdún, ẹ tún ta omi sí i bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Tí omi bá ṣì dúró lójú rẹ̀, ìbòrí ṣì wà láàyè. Tó bá ń wọlé, ẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ, ẹ fi sáńdípépà 220 ra á lójú, kẹ́ ẹ fi fáníìṣì kan ṣoṣo bò ó.

Ọ̀dà tó kù, ẹ dà á sínú ìgò tó ní ìdérí, kó kún dé ẹnu kí atẹ́gùn má ráyè. Ẹ kọ orúkọ àwọ̀ àti ọjọ́ tí ẹ lò ó sí i lára, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé. Ibi tí bàtà bá ti ha, ìwọ̀nba yẹn náà lẹ máa fi pa á.